Ọdẹ Tí Kò Mọ Ọdẹ Ṣe

Ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Orégùn, Bọ́sẹ̀dé Àjíṣọlá ló máa ń dúró nídìí bẹ́líìtì tó ń gbé bisikíìtì jáde láti inú ààrò. Ọdún kejìlélógún rẹ̀ nìyí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ṣa èyí tó sán, èyí tó jóná àti èyí tí kò rí róbótó kúrò kí wọ́n tó wọ páálí. Mọ́mì Kọ́líìtì ni gbogbo wọn ń pè é níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Job, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń sọ fún àwọn àlejò nílé wọn ní Dòpẹ̀mú pé ìyàwó òun kò jẹ́ kí òun jẹ dòdò tó jóná díẹ̀ rí.

Obìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta yìí, díákónẹ́ẹ̀sì nínú ìjọ rẹ̀, ní fàájì kan tí pásítọ̀ kò tíì bi í léèrè. Lọ́sàn-án gbogbo Sátidé, ó máa ń wọ inú fóònù rẹ̀ lọ láti sá pamọ́ fún apànìyàn.

Géèmù ni. Ẹni márùn-ún ló ń jọ ṣe é lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan jẹ́ ọdẹ, àwọn mẹ́rin yòókù jẹ́ ẹran. Ọdẹ lágbára, ó yára, ó sì ní àáké. Àwọn mẹ́rin kò ní nǹkan kan àfi ẹsẹ̀ wọn àti wọ́ọ̀dùróòbù tí wọ́n lè kó sí, títí wọn yóò fi rí kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta tó ń ṣí géètì. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Tófúnmi, ló kọ́ ọ. Ní Yọlá ni Tófúnmi ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò, ọ̀nà sì jìn débi pé lọ́dún méjì, ẹ̀ẹ̀kan ló wá sílé.

Ẹnìkan lè sọ pé ṣebí wọ́n lè pe ara wọn. Wọ́n ń pe ara wọn dáadáa.

"Mọ́mì, ẹ káàsán mà."

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun mà."

"Ara ńkọ́?"

"Ara le mà. Dádì ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

Ìpè tán nìyẹn, ìṣẹ́jú kan kò sì tíì pé. Ṣùgbọ́n bí ìyá àtọmọ bá há sínú wọ́ọ̀dùróòbù kan ṣoṣo, tí ọdẹ ń rìn kiri níta, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdẹ kò lè gbọ́ ohùn wọn rárá. Inú wọ́ọ̀dùróòbù ni Bọ́sẹ̀dé ti gbọ́ pé ibà táífọ́ọ̀dù ti dá ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, àti pé tíṣà kan tó ń jẹ́ Abdulazeez ló ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún un nígbà tó ń ṣàìsàn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kì í ráyè purọ́ púpọ̀.

Ohun tó mú kí ibẹ̀ tutù bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn ọdẹ wọn kò mọ ọdẹ ṣe. Géèmù náà ní alárinà kan tí kì í sùn, ẹ̀rọ ni, òun ló ń yan ọdẹ fún ẹran. Bí o bá sá là, á fi máàkì kún tìrẹ. Bí wọ́n bá pa ọ́, á yọ níbẹ̀. Máàkì yìí ló fi ń to ènìyàn sí ipò: igi, bàbà, fàdákà, wúrà, dáyámọ́ǹdì. Ọdẹ igi ló ń wá fún ẹran igi, kí eré má baà di ìwà ìkà. Igi ni Bọ́sẹ̀dé, igi ni ọmọ rẹ̀. Ara ògiri ni àwọn ọdẹ wọn ń gbá àáké mọ́. Ọ̀kan tilẹ̀ dúró níwájú wọ́ọ̀dùróòbù wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, ó ń wo fọ́tò tí wọ́n gbé kọ́ ògiri. Ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn ni ọ̀rọ̀ Abdulazeez jáde.

Sátidé kan, Tófúnmi ní, "Mọ́mì, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Mò ń gbọ́."

Ibẹ̀ ni ọdẹ ti ṣèèṣì ṣí wọ́ọ̀dùróòbù. Tófúnmi rẹ́rìn-ín. "Ó di Sátidé tó ń bọ̀ nìyẹn mà."

Àmọ́ kí Sátidé tó ń bọ̀ tó dé, àbúrò bàbá Bọ́sẹ̀dé kú. Ilé-iṣẹ́ náà sì ti pa ààrò fún àtúnṣe ọlọ́sẹ̀ méjì, ni ó bá gba Ìkéré lọ fún ìsìnkú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé tí wọ́n dé sí kò tó fi wo aago.

Láolú ni ẹni tó ń wa ọkọ̀ tó ń gbé páálí sínú tírélà ní ilé-iṣẹ́. Òun ló bá Mọ́mì Kọ́líìtì gbé géèmù náà sórí fóònù, ó sì mọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀. Ọmọlúwàbí ni Láolú, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó rí i pé ipò igi ni màmá wà, ó dùn ún dọ́kàn. Fún ọ̀sẹ̀ méjì tí iṣẹ́ fi dúró, ó fi orúkọ màmá wọlé lórí fóònù tirẹ̀, ó sì ń sá fún ọdẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án. Ọjọ́ tí Bọ́sẹ̀dé padà sẹ́nu iṣẹ́, géètì ló ti dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Mọ́mì, ẹ kú oríire! Ẹ ti di dáyámọ́ǹdì!"

"Èmi? Ta ló ṣe é?"

"Èmi ọmọ yín ni mà. Kí ẹ̀yin wà ní igi, kí àwọn ọmọ ọdún méjìlá máa wà lókè orí yín? Mo ní láéláé, kì í ṣe mọ́mì tiwa."

Orí Bọ́sẹ̀dé wú. Ó gbàdúrà fún un lójú gbogbo ènìyàn pé ẹni tó gbé òun ga, Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kó rí ìsàlẹ̀. Láolú ṣe àmín tó pọ̀. Àdúrà kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn lè lọ gbà padà.

Ní Sátidé, Tófúnmi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé "Mọ́mì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" ni, àáké ti bà á. Ìgbà kejì, wọn kò lò tó ìṣẹ́jú kan. Ìgbà kẹta, ọdẹ náà kò tilẹ̀ wá wọn. Ó kàn lọ tààrà síbi wọ́ọ̀dùróòbù bí ẹni tó fẹ́ lọ mú aṣọ rẹ̀.

"Mọ́mì, kí lẹ ṣe?"

"Láolú ló gbé mi ga."

Tófúnmi jáde nínú géèmù.

Lọ́jọ́ Ajé, Láolú ń rọra ṣàlàyé. "Bí ẹni méjì bá jọ wọlé mà, ẹni tó ga jù ni ẹ̀rọ yẹn ń wò. Kí ọ̀gá má baà fara pamọ́ sẹ́yìn ọmọ kékeré, kó lọ máa fìyà jẹ ọdẹ tí kò mọ nǹkan kan."

"Èmi ni mò ń kó apànìyàn bá ọmọ mi nìyẹn."

"Ẹ má sọ ọ́ báyẹn mà."

"Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́? Láolú, gbà á padà."

"Kò ṣeé gbà padà mà. Àfi kí ẹ máa jẹ́ kí wọ́n pa yín."

Ẹni tí kò fojú fo bisikíìtì tó sán fún ọdún méjìlélógún ni wọ́n ní kó máa mọ̀ọ́mọ̀ fìdí rẹmi. Ó gbìyànjú. Ní ìsinmi ọ̀sán, á dúró sí àárín àgbàlá nínú géèmù, á káwọ́ sẹ́yìn, á máa retí àáké. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè yẹn kò pọ̀, ọdẹ tí máàkì rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ ni ẹ̀rọ sábà ń rí fún un. Níwọ̀n bí ẹ̀rọ sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọn yóò pa á, máàkì méjì péré ló ń yọ, nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Nígbà tó kú lẹ́ẹ̀mẹwàá bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹran fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ẹ̀rọ kọ̀wé sí i pé ó ń ba eré jẹ́, ó sì tì í mọ́ta fún ọjọ́ mẹ́ta. Sátidé wà nínú rẹ̀. Díákónẹ́ẹ̀sì tí ìjọ kò bá wí rí.

Stella tó ń di páálí gbà á nímọ̀ràn. "Àǹtí, ẹ pe ọmọ yín kẹ́ ẹ bi í tààrà."

Ó pè é. "Tófún, ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ sọ níjọ́sí ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ wo mà? Kò sí o. Dádì ńkọ́?"

Ó ku ọ̀nà kan. Kó fi orúkọ tuntun bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù Job ló fẹ́ fi ṣe é. Job bi í bóyá kì í ṣe òun ni ọlọ́pàá máa wá mú, ó sì gbà. Ẹni tuntun gbọ́dọ̀ ṣe eré mẹ́wàá ní òun nìkan kí alárinà tó mọ ipò tó máa fi í sí. Bọ́sẹ̀dé pinnu láti kú nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Ohun tí kò rò ni pé ó ti lé lóṣù kan tí òun àti ọmọ rẹ̀ ti ń sá fún àwọn ọdẹ dáyámọ́ǹdì ní Sátidé. Nígbà tí ọdẹ igi àkọ́kọ́ yọ, tó ń fi àáké gbá ògiri, kí ọkàn rẹ̀ tó sọ pé kó dúró, ọwọ́ rẹ̀ ti fò gba ojú fèrèsé, ó ti yípo, ó ti mú kọ́kọ́rọ́. Ó tún gbìyànjú. Ọwọ́ kọ̀. Nínú mẹ́wàá, mẹ́jọ ló jáde ní géètì láàyè. Alárinà fi í sí wúrà.

Ní Sátidé yẹn, ní aago mẹ́ta, ó ṣí géèmù láti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ipò òun ti wálẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n jọ gbìyànjú. Iná aláwọ̀ ewé ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Tófúnmi. Ó ti wọlé pẹ̀lú ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ kò jẹ́ kí ọ̀rẹ́ wọlé lẹ́yìn tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó ń jẹ́ kó wòran. Ojú á rí, etí kò ní í gbọ́.

Ó tẹ̀ ẹ́. Tófúnmi wà nínú wọ́ọ̀dùróòbù pẹ̀lú ẹnì kan tó dé fìlà pupa, tí wọ́n kọ Uswat sókè orí rẹ̀. Bọ́sẹ̀dé kò mọ Uswat kankan. Àmì ẹnu kékeré kan máa ń tàn lórí ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀. Ti Tófúnmi ń tàn. Ó tàn títí, ó kú, ó dúró díẹ̀, ó tún tàn. Ti Uswat kò tàn rárá. Ó ń gbọ́ ni.

Ọdẹ yọ ní ẹnu ọ̀nà. Bọ́sẹ̀dé di fóònù náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Má yà síbẹ̀," ó ní. "Jọ̀ọ́, má yà síbẹ̀."

Ọdẹ náà dúró, ó wo wọ́ọ̀dùróòbù, ó yíjú padà, ó lọ gbá àáké mọ́ ògiri.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Job béèrè láti pálọ̀.

"Kò sí ẹnikẹ́ni, Dádì Tófún."

Àmì ẹnu náà ṣì ń tàn.