Kọ̀ǹpútà Tuntun Ìyá Alábẹ́rẹ́

Àwọn ọmọdé àdúgbò máa ń sá fún Ìyá Alábẹ́rẹ́, nítorí wọ́n rò pé nọ́ọ̀sì ni. Aṣọ ló ń gún lábẹ́rẹ́, kì í ṣe ènìyàn. Ẹ̀rọ mónógíràmù rẹ̀ ló ń fi òwú kọ orúkọ àti àmì sára aṣọ iṣẹ́, kọ̀ǹpútà kan ló sì ń darí ẹ̀rọ náà.

Kọ̀ǹpútà yìí ti darúgbó. Bí ó bá ṣiṣẹ́ díẹ̀, á gbóná bí áyọ́ọ̀nù, á sì kú pii láìdágbére. Nígbà tí ọmọbìnrin Ìyá Alábẹ́rẹ́ ra tuntun fi ránṣẹ́ sí i, ìyá náà dúpẹ́, ó ká apá aṣọ sókè. Ó ní, "Ẹni tó tọ́ ọmọ márùn-ún kò ní bẹ̀rù àpótí."

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ti eré. Ilé ìwòsàn kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ gba àwọn nọ́ọ̀sì tuntun, àmì àyà aṣọ wọn sì gbọ́dọ̀ bá ti àwọn àgbà ibẹ̀ mu. Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì kò fi ọ̀rọ̀ bò: "Bí ó bá fi bíńtín yàtọ̀, Ìyá, ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì ni mò ń gbé iṣẹ́ wa lọ." Ọ̀la ló ń bọ̀ wá kó aṣọ.

Wàhálà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ látorí okùn. Ẹnu okùn ẹ̀rọ fẹ̀, ihò ara kọ̀ǹpútà tuntun sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ológbò tó ń tòògbé.

"Ṣé kí n bá ọ lu ihò mìíràn sí i?" Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Mọ́tò kọ́ nìyí."

Ó jáde lọ ra okùn kékeré tó lè so méjèèjì pọ̀. Ó kó àwọn àmì rẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ sínú tuntun, ẹ̀rọ sì jí. Ṣùgbọ́n Ìyá Alábẹ́rẹ́ kì í fi aṣọ oníbàárà dán nǹkan wò. Ògbólógbòó aṣọ ìbùsùn kan wà lára ògiri rẹ̀. Gbogbo àmì tó ti ṣe rí, orí rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ ṣe é. Ó já a sílẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ẹ̀rọ, ibẹ̀ ló gbé abẹ́rẹ́ lé.

Àmì tó jáde kò ju bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ.

Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, ṣé èèrà ló ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ni?"

"Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kí ẹ bá mi di etí aṣọ yìí mú."

Ó fi téèpù wọn àmì ilé ìwòsàn tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe sórí aṣọ náà, ó sì tẹ ìwọ̀n rẹ̀ sínú tuntun. Èyí tó tẹ̀ lé e tóbi tó, ṣùgbọ́n òwú rẹ̀ fọ́nká bí irun arúgbó. "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà," ló wí, ó mú kí òwú sún mọ́ra, ó sì tún un ṣe.

"Bàbá, ẹ dijú. Ẹ fọwọ́ pa àmì méjèèjì. Èwo ni ti àtijọ́?"

Bàbá fọwọ́ pa á lọ, ó fọwọ́ pa á bọ̀. "Èyí ni!"

Tuntun ló fọwọ́ lé. Ìyá Alábẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì fa aṣọ nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ sórí ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì mú ọ̀kan, ó yí inú rẹ̀ síta, ó tún gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì àyà tirẹ̀.

"Ìyá, ọwọ́ yín ò yí padà."

"Kọ̀ǹpútà nìkan ló yí, ọmọ mi."

"Èmi ni mo di aṣọ mú o!" Bàbá ké láti ẹnu ọ̀nà.