Ìkòkò Kékeré tí Ìyá Mi Fi Ń Se Ọbẹ̀ Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, nílé wa ní Òkèrèwè, ìkòkò ọbẹ̀ méjì ni ìyá mi máa ń gbé kaná. Èyí tó tóbi jẹ́ ti gbogbo ilé. Èyí tó kéré jẹ́ ti bàbá mi nìkan, kò sí iyọ̀ nínú rẹ̀, kò sí mágí. Mo mọ̀ pé mi ò tíì dàgbà tó ẹni tí ń pìtàn. Irun funfun kò sí lórí mi, ìwé tí mo kà kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àbúrò mi, ohun tí ojú mi rí tó kí ẹ jókòó tì mí.

Lọ́rì tó ń kó pákó ni bàbá mi ń wà. Ọkùnrin tó sanra ni, tó máa ń mu sìgá, tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ilé kejì. Lọ́jọ́ tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọsibítù, tí wọ́n ní ó ti ru jù, ẹ̀rín ló ń rín wọlé. Ó ní ẹni tí orí kì í fọ́, ibo ni àìsàn ti fẹ́ wá? Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé fún un pé ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà lára ènìyàn fún ọdún pípẹ́ láìdùn ún, pé oògùn ojoojúmọ́ ni, bí ara yá bí ara kò yá, kí iyọ̀ dínkù, kí sìgá sì tán pátápátá. Ìgbà yẹn ni ìkòkò kékeré dé.

Ìjà dé pẹ̀lú. Bàbá mi á tọ́ ọbẹ̀ náà wò, á ti abọ́ sẹ́yìn, á béèrè bóyá òun ti kú ni tí wọ́n fi ń bu omi ìfọwọ́ fún òun.

"Ẹ máa bú mi lọ, olówó orí mi," ni ìyá mi máa ń wí. "Èébú yín sàn fún mi ju kí n ṣe opó lọ."

Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rọra bi mí bóyá iyọ̀ ti tán nílé yìí ni. Mo lọ bu díẹ̀ sínú bébà, mo tì í bọ àpò ṣòkòtò, mo mú un lọ fún un. Ó jẹun tán, ó fọwọ́ pa mí lórí, ó ní èmi nìkan ni mo fẹ́ràn òun nínú ilé náà. Ọmọ wo ló máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní bu iyọ̀ lọ́jọ́ kejì? Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ṣe é. Mo tún máa ń rí i tó ń ju oògùn rẹ̀ síta láti ojú fèrèsé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ wọ bàtà, ọwọ́ ọ̀tún kọ̀ fún un. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyá mi ké pé kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní rárá, ó ní ọfà ni wọ́n ta á. Ni wọ́n bá jókòó, wọ́n ń wádìí ẹni tó ta ọfà, títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán. Ẹnì kan rántí ìkòkò kékeré.

"Ìkòkò tí ẹlòmíràn kì í jẹ nínú rẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí, "kí ló ń sè síbẹ̀?"

Ìyá mi ṣàlàyé títí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Iyọ̀ wà lápò mi níbi tí mo dúró sí. Mi ò la ẹnu.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí wọ́n fi kó ẹrù ìyá mi síta, ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ilare. Wọ́n da oògùn ọsibítù nù, wọ́n ní yóò bá àgbo jà. Bàbá mi fi ẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀ fún bí ọdún méjì, rọpárọsẹ̀ tó mú un lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn tún padà wá, ó sì mú un lọ.

Lọ́jọ́ tí a ń ṣe àdúà ìrántí ọdún kẹwàá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbàdúrà níwájú gbogbo ènìyàn pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àwa ọmọ fẹ́ irú obìnrin tó pa àbúrò òun. Mo dìde.

"Ẹ dákẹ́, bàbá," ni mo wí. "Ìyá mi kò pa á. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Iyọ̀ tí wọ́n ní kó má jẹ, èmi ni mo ń gbé e fún un. Oògùn tí ìyá mi ń fún un, ẹ̀yin lẹ dà á nù."

Wọ́n ní kí n jókòó. Mi ò jókòó. Wọ́n ní àwọn máa ṣépè fún mi, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí àwọn tó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú lè gbọ́.

Mo ti bi dókítà kan léèrè. Ó ní kì í ṣe iyọ̀ mi nìkan, sìgá wà ńbẹ̀, oògùn tó ń jù nù wà ńbẹ̀, àti òwúrọ̀ tí wọ́n fi ṣòfò. Ó fẹ́ tù mí nínú ni. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìpín tèmi ṣì jẹ́ tèmi, mi ò ní fi ti ẹlòmíràn bò ó.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹbí rán ọkùnrin méjì sí Ilare láti wá bẹ ìyá mi kó padà sílé. Mo wà níbẹ̀. Ó fún wọn ní ìjókòó, ó gbọ́ wọn tán, ó ní òun kò padà mọ́, ibi tí òun wà ti tẹ́ òun lọ́rùn. Ó wá wò wọ́n.

"Ẹ̀yin méjèèjì yìí, ṣé ẹ ti lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín?"

Wọ́n ní àwọn ò tíì lọ. Ó gbé gèlè, ó kó wọn síwájú, ó di ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ga gan-an ni.

Ayé ti yàtọ̀ sí èyí tí mo bá. Lónìí, a lè jáde ní ìrun Jímọ̀ ká bá àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé tábìlì síta, kí arúgbó àti ọ̀dọ́ tò, kí wọ́n ká apá aṣọ sókè. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ń ṣe é. Nígbà tiwa, ìtìjú ni. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ń pe àìsàn ní ọfà kò tíì pa dé o. Lọ́jọ́ tí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́ nílé yín, tí apá rẹ̀ kan wúwo, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, àwọn àgbàlagbà lè fẹ́ ṣèpàdé. Ẹ má bá wọn jókòó. Ẹ gbé e sínú ọkọ̀, kí ẹ máa lọ. Bí ẹ bá ṣẹ ẹbí, ẹ ó bẹ̀ wọ́n nígbà tí aláìsàn bá ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.