Àpá Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Pawọ́nlẹ́rìn-ín

Wọ́n ní ọkọ obìnrin kan ló fi abẹ ya àbúrò mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Wọ́n ní ó gbé ẹnu dídùn rẹ̀ wọ ilé onílé, onílé sì ká a mọ́bẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi gbẹ̀yìn kò mọ̀ pé èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tiẹ̀ tún ń júwe aṣọ tí obìnrin náà wọ̀. Àwọ̀ ewé ni, ó ní. Mo jẹ́ kó parí. Ẹ̀yin ẹ gbọ́ tèmi, ojú mi ló ṣe. Kò sí obìnrin kankan níbẹ̀ àfi èmi, aṣọ iṣẹ́ ni mo sì wọ̀.

Pawọ́nlẹ́rìn-ín ni gbogbo èèyàn ń pe àbúrò mi, torí iṣẹ́ tó ń ṣe: á dá dúró lórí ìtàgé, á máa sọ̀rọ̀, àwọn èrò á máa rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìlú dé ìlú la ń lọ. Ìrọ̀lẹ́ òní ní gbọ̀ngàn kan, àárọ̀ ọ̀la lójú ọ̀nà. Èmi ni mò ń bójú tó aṣọ. Kóòtù pupa kan ṣoṣo ló ní. Bí mo bá lọ̀ ọ́ tán, màá fi kọ́ ojú fèrèsé ọkọ̀, dẹ́rẹ́bà á wá máa kùn pé kóòtù ti di èrò kẹrin, kò sì san owó ọkọ̀.

Ìgbà yẹn dùn jàre. Yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì, àfi ká fi àga tì í. Ẹ̀rọ omi tó máa ń ya bíi pé ó ń bínú, tí á sì dákẹ́ nígbà tí ọṣẹ bá ti wọ èèyàn lójú. Búrẹ́dì tí à ń bù jẹ lẹ́yìn ọkọ̀. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ojú ọ̀nà ni ọkàn mi ń sá lọ.

Àbúrò mi ní bó ṣe ń dán àwàdà tuntun wò. Kì í sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, torí ọ̀rẹ́ á rẹ́rìn-ín kó má baà dùn ún. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló ń gbé e lọ. Á jókòó kí wọ́n fá irùngbọ̀n rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Bí ọwọ́ onígbàjámọ̀ bá ń lọ geere, àwàdà ò dáa. Bó bá dúró, ó ti wọlé nìyẹn.

Mo ní, "Ẹni tó mú abẹ dání lo fẹ́ pa lẹ́rìn-ín?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí ò mú nǹkan dání, kí ló fẹ́ jù sílẹ̀?"

Ìlú tiwa ló gbẹ̀yìn ìrìn àjò náà, ìyá wa á sì wà níjòókòó iwájú. Bàbá wa ti kú lọ́dún tó ṣáájú, àtìgbà náà ni ìyá wa kò ti rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń jẹun, ó ń dá èèyàn lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bá bàbá lọ. Ẹni tó ń pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín, ìyá tirẹ̀ nìkan ni kò rí pa. Àwàdà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ nípa bàbá wa tí kò sọ rí. Ó lè mú ìyá wa rẹ́rìn-ín. Ó sì lè mú un dìde jáde, kó má bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní onígbàjámọ̀ ni yóò dá a lẹ́jọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a dé ìlú wa, mo bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan. Ojú ọkùnrin náà le bí ojú ẹni tí eyín ń dùn. Ó fi ọṣẹ kun àbúrò mi lẹ́rẹ̀kẹ́, ó gbé abẹ lé e.

"Apínlẹ́tà ni bàbá mi," ni àbúrò mi bẹ̀rẹ̀. "Á jí nínú òkùnkùn, kò ní tan iná, kó má baà jí ìyá mi. Ẹsẹ̀ wọn ò jura lọ. Lọ́jọ́ kan, ó ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà tirẹ̀, ó ki ìkejì bọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga ìyá mi."

"Kò mọ̀ ni?" ni onígbàjámọ̀ wí.

"Ìgbà tílẹ̀ mọ́ ló mọ̀. Bàbá mi á wá padà sílé wá gbà pé òun ṣàṣìṣe? Ó tiro pín lẹ́tà títí dìrọ̀lẹ́. Ìyá mi bi í léèrè, ó ní òun ò ṣàṣìṣe, ọ̀nà ni apá kan ga ju apá kan lọ."

Ọwọ́ onígbàjámọ̀ kò dúró. Ńṣe ló gbọ̀n. Mo rí ẹ̀jẹ̀ lára ọṣẹ. Ọkùnrin náà ń bẹ̀bẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Àbúrò mi fi tówẹ́ẹ̀lì bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ kóòtù yẹn dáadáa. Ó ti wọlé."

Tòun ti pílásítà ló gun orí ìtàgé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó sọ ọ́, gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ìyá wa ò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé tí mo wà, mo na ọrùn kí n lè rí ojú rẹ̀.

"O ò sọ ọ́ tán," ni ìyá wa wí. "Ọjọ́ kejì ńkọ́?"

"Ọjọ́ kejì wo, Màmá?"

"Ó tún wọ̀ ọ́ lọ lọ́jọ́ kejì. Ó ní bóun bá pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé àṣìṣe ni tàná."

A ò gbọ́ èyí rí, èmi àti àbúrò mi. Èjìká ìyá wa ló kọ́kọ́ mì, kí ohùn rẹ̀ tó jáde, ẹ̀rín àtijọ́ yẹn tó máa ń parí sínú ikọ́. Àbúrò mi kọ ẹ̀yìn sí èrò, ó ń de bọ́tìnnì kóòtù tí kò tú.

Ìyá wa náà ti lọ báyìí. Kóòtù pupa wà nínú àpótí mi, kò gba ikùn ẹni tó ni ín mọ́. Lọ́jọ́ tó wá kí mi kẹ́yìn, mo ní kó jẹ́ ká tú àṣírí irọ́ tí wọ́n ń pa mọ́ ọn. Ó fọwọ́ kan àpá náà.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Bí wọ́n bá tún bi yín, ẹ ní onígbàjámọ̀ ò ṣàṣìṣe. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni apá kan ga ju apá kan lọ."