Ọjọ́ Tí A Yí Bátìrì Katakata

Mo ti dàgbà, eyín ẹnu mi ò pé mọ́, síbẹ̀ tí mo bá rántí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ rewáyà, iṣẹ́ títún iná ọkọ̀ ṣe, ní Mushin, inú ṣì máa ń bí mi débi tí oúnjẹ ò ní wù mí jẹ. Ẹ má bínú pé "ó" ni mò ń pè é, n ò pè é ní "wọ́n". Ọdún márùn-ún gbáko ni mo fi pè é ní "wọ́n". Ó tó gẹ́ẹ́.

Ọdún karùn-ún yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ọ̀gá máa ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún mi, tó máa gbàdúrà fún mi níwájú ẹgbẹ́ rewáyà, kí n lè lọ dá ìsọ̀ tèmi sílẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ò bá ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún, ta ló fẹ́ gbé ọkọ̀ fún un tún ṣe? Bàbá mi, tí wọ́n ń ránṣọ nítòsí mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, ti pe gbogbo ẹbí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà, oníṣòwò pákó kan gbé katakata kékeré kan wá láti Ijora. Òun ni wọ́n fi ń wọ́ ìtì igi láti etí ọ̀sà lọ síbi tí wọ́n ti ń là á. Kò níná, kò ní fèrè, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ òṣìṣẹ́ kan pa. Ọkùnrin náà fẹ́ iná méjì níwájú, pupa kan lẹ́yìn, àti fèrè tí àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ìlagi máa gbọ́.

Èmi ni ọ̀gá gbé e fún. Mo fa wáyà gba abẹ́ rẹ̀, mo gbé e jìnnà sí páìpù èéfín kí ooru má baà yọ́ ọ, mo fi téèpù wé e látòkè délẹ̀, mo sì fi fiyúùsì sí i nítòsí bátìrì. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé orí pọ́sítíìfù ni wọ́n so mọ́ ara irin katakata náà. Àwọn lọ́rì tí à ń tún ṣe lójoojúmọ́, nẹ́gẹ́tíìfù ni tiwọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe katakata yìí kọ ọ́ sára àpótí bátìrì pé bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn. Mo kàwé dé Standard Four, mo kà á, mo sì fi í sílẹ̀ bí mo ṣe bá a.

Nígbà tí ọ̀gá máa fi ti ìrun Jímọ̀ọ̀ dé, oníbàárà àti awakọ̀ rẹ̀ ti ń dúró. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo bátìrì.

"Ta ló di ìdìkudì yìí?"

"Ọ̀gá, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn sà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé pọ́sítíìfù ló ń lọ sára irin."

"Ìwọ lo kọ́ mi níṣẹ́, àbí?" Ó yíjú sí oníbàárà, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí àwọn ọmọ ìwòyí? Ìwé díẹ̀ ti gùn wọ́n lórí. Yí i, jàre."

Kí ni kí n wá ṣe? Kí n máa bá ọ̀gá jiyàn lójú oníbàárà, kí ọjọ́ Àìkú bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́? Mo yí i. Ọwọ́ èmi náà ló yí i, n ò ní parọ́.

Iná tàn, fèrè dún. Ọ̀gá ń gbọn ọwọ́ agbádá. Awakọ̀ wá ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kò pẹ́ rárá tí èéfín fi yọ nínú àpótí kékeré tó ń darí iná láti ara dáínámò sínú bátìrì, wáyà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Mo fi ọwọ́ lásán já orí bátìrì, ó bó mi ní àtẹ́lẹwọ́. Dáínámò ti jóná.

Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ọkùnrin yìí: "Ó ti bà á jẹ́ kí n tó dé! Ṣebí ẹ̀yin náà rí i bí mo ṣe bá a?"

Oníbàárà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Lóòótọ́ ló rí i bí ọ̀gá ṣe bá a, ṣùgbọ́n kò mọ èwo ló tọ́. Ọ̀gá ní òun ò ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún ẹni tó ń jó ọkọ̀ oníbàárà, àfi kí n sìn ín lọ́dún kan sí i. Irọ́ funfun báláú, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi mú àgbà méjì dání wá bẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: wọn kì í bi ọmọṣẹ́ pé kí ló ṣẹlẹ̀, wọ́n á kàn wá bẹ̀bẹ̀ ni. Bàbá mi fi ọjọ́ orí ju ọ̀gá lọ dáadáa. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ funfun, lórí ilẹ̀ tí epo ọkọ̀ ti rin gbingbin. Ọ̀gá ń jẹ obì. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, kó tó ní, "Ẹ dìde, Bàbá. Ó ti tán."

Èmi náà dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn wọn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi, mo gbé e mì, nítorí fírídọ̀ọ̀mù.

Ó ṣe é fún mi lọ́jọ́ Àìkú. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní Ọlọ́run ò ní fi ọmọṣẹ́ tó máa dójú tì mí jíǹkí mi. Gbogbo ẹgbẹ́ ṣe àmín. Èmi náà ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó sọ ọ́ fún bàbá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Mo rò pé wọ́n á bá mi bú ọ̀gá. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"O mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ lo bà á jẹ́?"

"Mo mọ̀, sà."

"Nígbà tí mò ń dọ̀bálẹ̀ fún un, o mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

"O wá ń wò mí?"

Wọ́n ní kí n jáde, kí n pa ilẹ̀kùn dé.