Kọ́bọ́ọ̀dù Tí Mo Kàn Fún Ìwé Àwọn Ọmọ

Èmi ni mo kàn án. Kí n yáa tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Inú ń bí mi títí dòní, ṣùgbọ́n ìdajì ìbínú náà, ara mi ni mo ń bí i sí.

Ayé Sáàpù ni, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, tí búrẹ́dì di ohun tí à ń wò lókèèrè. Ogbómọ̀ṣọ́ là ń gbé. Mo ti kúrò nílé-ìwé nígbà náà. Bí àlejò bá bi mí, màá ní àìsówó ni. Irọ́ ni. Bàbá mi ń sanwó, èmi ni mo ń gba ẹ̀yìn ilé-ìwé bọ́ sígbó lọ ká káṣù jẹ. Ní kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdírì, àwa méjìdínlógójì la ṣe ìdánwò, ipò kejìdínlógójì ni mo gbà. Ẹni tó ṣe ipò kẹtàdínlógójì, ibà ló ń ṣe é lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe di káfíńtà nìyẹn. Orí mi tó kọ ìwé gba pákó, bóyá torí pé ìyekan ni wọ́n.

Àbúrò mi obìnrin wà ní kíláàsì karùn-ún nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà lẹ́yìn ilé wa. Kò mọ̀wé kà dáadáa. Bàbá wa, oníṣẹ́ awọ, ọmọ Ọ̀yọ́ tó wá ṣiṣẹ́ dé Ogbómọ̀ṣọ́, ti wo èmi àkọ́bí rẹ̀, ó sì ti kọ́gbọ́n.

"Mi ò ní í ju owó sómi lẹ́ẹ̀mejì," ló sọ fún un. "Tí táàmù yìí bá parí tí o ò lè kàwé sí mi létí, Ọ̀yọ́ lò ń lọ, lọ́dọ̀ àbúrò mi, kí o lọ kọ́ irun dídì."

Irun dídì kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀sín o. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ò fẹ́ ẹ. Ṣe ló ń rù.

Tíṣà kíláàsì wọn, obìnrin kan tó tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn àgogo ìparí, ọjọ́ Túsìdeè àti Tọ́sìdeè. Ìtàn ni wọ́n ń kà, wọ́n á kọrin, wọ́n á fi ìtàn náà ṣeré. Ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo kíláàsì ní, kò sì ní ẹ̀yìn mọ́, kò sẹ́ni tó mọ bí ìtàn náà ṣe parí. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn àwọn àgbà àdúgbò títí wọ́n fi gbà láti ṣe lọ́ńṣìn, ètò ìdáwó, kí wọ́n lè ra ìwé.

Gbogbo ìlú ló wá. Àwọn àgbẹ̀ gbé iṣu wá láti Ìrẹ̀sà, àwọn ará Sábó gbé àlùbọ́sà àti àgbò kan wá, àwọn obìnrin ìjọ rán ẹ̀wù ìrọ̀rí. Ẹ kúkú mọ bí a ṣe ń ṣe é: o máa ra iṣu, wọ́n á pàtẹ́wọ́, o máa ní, "Mo ti fi ta ilé-ìwé lọ́rẹ, ẹ tún un tà!" Iṣu kan wà tí wọ́n tà títí tí ara rẹ̀ fi bó.

Inú mi ń yá gágá. Mo nawọ́ sókè.

"Èmi ò lówó o! Ṣùgbọ́n mo máa kan kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n á kó àwọn ìwé náà sí!"

Ẹni tó ń darí ètò ní, "Ó káre! Ilé-ìwé wo lo ti jáde, ọmọkùnrin?"

"Mi ò jáde, sà. Mo sá ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àbúrò mi fò sókè bí ẹni pé mo gba oyè.

Pákó igi apá ni mo fi kàn án, mo fi gíláàsì sí ilẹ̀kùn rẹ̀, èmi òmùgọ̀ yìí náà ni mo tún fowó ara mi ra àgádágodo tó tó orí ọmọ ọwọ́. Mo ń fọ́nnu káàkiri pé olè kankan ò lè ṣí i. Ìwé dé, páálí mẹ́ta. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ àwọn tó dáwó sára gíláàsì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Mo bi àbúrò mi pé ìwé wo ni wọ́n ti kà.

"A ti rí wọn, bọ̀ọ̀dá mi."

"Mo ní èwo lẹ ti kà!"

"Tíṣà máa ń ní ká tò síwájú gíláàsì, ká máa ka àkọlé ẹ̀yìn wọn. Ọ̀gá ilé-ìwé ò fún tíṣà ní kọ́kọ́rọ́."

Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Kọ́bọ́ọ̀dù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ó ń dán.

"Káfíńtà!" ló ní. "Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń yin iṣẹ́ rẹ."

"Ẹ ṣeun, sà. Àwọn ọmọ ò rí ìwé náà kà."

"Ṣé o ti rí ọwọ́ wọn? Epo, erùpẹ̀, ikun! Nílé yín, ṣé abọ́ àlejò lẹ fi ń bọ́ ọmọdé?"

"Rárá, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Alábẹ̀wò ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Àwọn tó dáwó náà lè yà wá nígbàkigbà. Ṣé ìwé yíya ni kí n fi hàn wọ́n? Àti pé ìwọ tó o sá fún ìwé, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Mo kí i, mo jáde. Ọjọ́ méjì ni èsì mi máa ń pẹ́ kó tó dé.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tí ọ̀gá lọ sípàdé, èsì dé. Mo kó irinṣẹ́ wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Àgádágodo ò mì. Mo ti ra èyí tó dáa jù. Ṣùgbọ́n ìta ni mo kan híńjìsì tó di ilẹ̀kùn mú sí, àṣìṣe tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ì bá fi gbá mi létí. Síkúrù mẹ́fà péré, ilẹ̀kùn bọ́. Mo gbé e rù, mo gba títì lọ, àwọn èèyàn ń kí mi kú iṣẹ́. Tíṣà ò ní kí n má ṣe é, kò ní kí n ṣe é. Kí n tó dé géètì, ó ti ń pín ìwé.

Nígbà tí ọ̀gá ránṣẹ́ sí mi, mo ní mo ń kun ilẹ̀kùn náà ni, òjò ni ò jẹ́ kó gbẹ, tíṣà ló ń bá wa tọ́jú ìwé. Irọ́ yẹn gbé wa dé ọ̀sẹ̀ méjì. Ojoojúmọ́ ni àbúrò mi ń kà. Ó ń kà níbi tó ti ń fọ abọ́, ó ń kà títí tí ẹ̀kọ fi jóná.

Lẹ́yìn náà ni àṣírí tú. Àwọn tó dáwó pe èmi àti bàbá mi sípàdé. Alága wọn, tó ń ta sìmẹ́ǹtì, dìde fùú.

"Orúkọ mi wà lára gíláàsì yẹn!"

Wọ́n rí ẹ̀kán epo kan lára ìwé kan, wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n ń mi orí bí ẹni pé ọmọ ló kú.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí ọmọ lè kàwé lẹ ṣe dáwó, àbí kí gíláàsì lè kà á?"

Ọwọ́ bàbá mi ba ọrùn mi kí n tó panu dé. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ gbé ilẹ̀kùn náà padà, lójú àwọn ọmọ, kí wọ́n lè fi mí kọ́gbọ́n. Mo dè é. Àwọn ọmọ ń wò mí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì ṣe iṣẹ́ tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí, ilẹ̀kùn náà sì ṣe déédéé.

Táàmù parí. Bàbá ní kí ọmọ gbé ìwé wá, kí òun gbọ́. Kò sí ìwé; gbogbo rẹ̀ ti padà sẹ́yìn gíláàsì.

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Ó ti parí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a wà ní gáréèjì, ẹrù rẹ̀ ti wà lórí ọkọ̀ Ọ̀yọ́. Àbúrò mi dédé tẹjú mọ́ lọ́rì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọ̀nà òkè ọya.

"'Ta Ló Mọ̀la,'" ló ní. "Bàbá, ohun tó wà níwájú rẹ̀ nìyẹn."

Bàbá wò ó, ó lọ bá dírẹ́bà náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ síwájú ọkọ̀ yín?"

"'Ta Ló Mọ̀la' ni, Bàbá. Ṣé ẹ fẹ́ rà á ni?"

Bàbá fà á lọ sídìí òmíràn. "'Ẹlẹ́nu Ò Sinmi.'" Ọmọ ló kà á; Bàbá tún bi dírẹ́bà ìyẹn. Wọ́n lọ sídìí ìkẹta, ìkẹrin. Èmi náà ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, mo ń kà á sínú, àbúrò mi sì ń parí ṣáájú mi.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Tíṣà wa ni. Nígbà tí bọ̀ọ̀dá mi yọ ilẹ̀kùn."

Bàbá ò wò mí. Ó gbójú sókè sí ọmọkùnrin tó ń di ẹrù. "Sọ ẹrù ọmọ yẹn kalẹ̀."

Ó yẹ kínú mi dùn, ó sì dùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ àádọ́ta ló wà ní kíláàsì náà, bàbá mélòó ló máa mú ọmọ rẹ̀ yí gáréèjì ká? Níkẹyìn, alábẹ̀wò dé láti Ìbàdàn. Kò ní kí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ó fọwọ́ pa pákó rẹ̀ lára, ó ní iṣẹ́ dára, ta ló kàn án? Wọ́n ránṣẹ́ pè mí kí n wá gba oríyìn.

Mi ò lọ.