Ewé Ìwé Tí Kò Dárúkọ Ọlọ́run

Gbogbo Ajah ló mọ̀ pé bí Kàsímù bá gbẹ́ ọkọ̀ fún ọ, omi kò ní bá ọ jókòó nínú rẹ̀. Ohun kejì tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé, tòun ti irùngbọ̀n, tòun ti ọmọ mẹ́rin, ìwé aláwòrán ló máa ń kà. Àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: ènìyàn ń sáré, ènìyàn ń sunkún, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn á wà lókè orí wọn bí èéfín. Ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn àgbà ló ti mọ̀wé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ìwọ̀nba tí wọ́n lè fi buwọ́ lu ìwé ilẹ̀, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Òun kò dúró.

Ọkọ̀ èrò tó ń ti Èkó bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ ló máa ń bá a mú tuntun wá. Bó bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, àáké á dákẹ́. Apẹja kan tó ń jẹ́ Dúró, tó ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ Kàsímù létí ọ̀sà, á bi í bóyá wọ́n tíì gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Kàsímù á rẹ́rìn-ín, á ṣí ewé kejì.

Lọ́dún tí wọ́n sọ pọ́n-ùn di náírà, bàbá rẹ̀ ṣaláìsí. Òun ni Ládàánì tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wọn, láti kékeré sì ni Kàsímù ti ń fọkàn fẹ́ ipò náà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí ní màlékà kì í wọ ilé tí àwòrán bá wà. Ẹni tí màlékà ń sá fún ilé rẹ̀, báwo ni yóò ṣe máa pe ènìyàn wá síwájú Ọlọ́run? Lèmọ́mù Gbàdàmọ́sí, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, ló wá jẹ́ iṣẹ́ náà fún un: kí Jímọ̀ tó dé, kí àpótí tó ń kó àwọn ìwé náà sí jóná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Yẹ̀kínì ni wọn yóò fi jẹ Ládàánì.

Kàsímù kò jiyàn. Ìrun márùn-ún kì í yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Lálẹ́ ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ń kú lọ, Kàsímù bẹ Ọlọ́run títí ètè rẹ̀ fi gbẹ, kò sì rí àmì pé ẹnikẹ́ni gbọ́. Ìwé aláwòrán ló bá a dé òwúrọ̀. Ṣé àpótí yìí ló lé màlékà sẹ́yìn ni, àbí wọn ò tiẹ̀ wá rárá? Ó tọrọ àforíjì nítorí ìbéèrè náà. Ìbéèrè náà kò lọ.

Lọ́jọ́rú, lẹ́yìn ìrun alásárì, Lèmọ́mù wá sí àgọ́. Kàsímù fi èèpo igi dáná, ó gbé àpótí jáde. Sìmbíátù ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀wé, etí ló fi ń jẹ nínú àpótí náà láti ọjọ́ pípẹ́, bí ọkọ rẹ̀ bá ń kà á sókè. Òun ló kúnlẹ̀.

“Lèmọ́mù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í lóhun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ná. Orúkọ Ọlọ́run tí mo ti gbọ́ nínú ẹ̀ ju èyí tí mo ti gbọ́ lẹ́nu Dúró lọ.”

Lèmọ́mù, tó ti nawọ́ sí àpótí náà, fa ọwọ́ padà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ wàláà nílé kéú ni wọ́n ti kọ́ gbogbo wọn: omi tí a fi fọ wàláà, a kì í dà á sójú ọ̀nà, ìwé tí orúkọ Ọlọ́run bá wà lára rẹ̀, a kì í fi í wé àkàrà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti iná. Lèmọ́mù gbọ́ Àlùkùráánì yé, ṣùgbọ́n kò mọ lẹ́tà òyìnbó kankan. Ó jókòó sórí ìdí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

“Kà á lẹ́wéléwé. Èyí tó bá dárúkọ Ọlọ́run, fi í sápá ọ̀tún. Èyí tí kò bá dárúkọ rẹ̀, iná ló ni ín.”

Irin tó de àwọn ìwé náà ti dógùn-ún, wẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tú. Kàsímù ń kà. Olè ń wí pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́; ọlọ́pàá ń wí pé Ọlọ́run ló mọ̀. Ọmọ Yorùbá kì í jà pẹ́ kó má fi Í ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí náà apá ọ̀tún ń ga. Díẹ̀ ni iná rí jẹ.

Ó wá kan ewé tó fẹ́ràn jù, èyí tó kà lálẹ́ ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kú. Apẹja kan tí wọ́n ti sọ pé omi gbé lọ ló gúnlẹ̀ láàárọ̀. Ìyá rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, kò tíì rí i. Ohun tí ọmọ náà wí kò ju “Ìyá, mo ti dé” lọ. Ní ojú kejì ewé náà, ìgbì ni, àti àwọn tó ń pariwo kí wọ́n wa ọkọ̀.

Lèmọ́mù ń retí. Bí Kàsímù bá fi kún un pé ‘Ọlọ́run ló mú mi dé’, ta ni yóò mọ̀? Sìmbíátù, tó mọ ewé náà lórí, tẹjú mọ́lẹ̀.

“Kò sí nínú eléyìí, Lèmọ́mù,” Kàsímù wí.

Òun fúnra rẹ̀ ló fi í síná. Wọ́n jọ wò ó títí ó fi ká jọ.

“Ó dùn ọ́?”

“Ó dùn mí gan-an, sà.”

“Ẹni tí kò purọ́ nítorí ohun tó fẹ́ràn, kò ní pe ìrun kí àkókò tó tó. Dé fìlà bàbá rẹ wá ní Jímọ̀. Èmi ni n ó bá àwọn tó kù sọ ọ́.”

Ó ní kó so ìyókù kọ́ sí òrùlé àgọ́, kí wọ́n má wọ yàrá tó ti ń kírun. Níwọ̀n ìgbà tí orúkọ Ọlọ́run sì wà nínú wọn, kó máa ṣe àlùwàlá kó tó fọwọ́ kàn wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé Ládàánì Ajah máa ń fọ ẹsẹ̀ kó tó ka ìwé aláwòrán, tí Dúró á máa bi í pé ìrun wo nìyẹn.

Lọ́jọ́rú náà, Lèmọ́mù ti rìn dé ìdí àgbọn kó tó yí padà.

“Kàsímù. Ìyá ọmọ yẹn, kí ló wá wí?”

Kàsímù fa ewé tó tẹ̀ lé èyí tó jóná jáde lápá ọ̀tún. Kò wo ewé náà kó tó dáhùn.

“Ó ní, ‘Mo ti ń pe Ọlọ́run láti àná. Mo rò pé kò gbọ́ ni.’”

Lèmọ́mù yíjú sí omi.

“Fi ìyẹn sókè pátápátá,” ó wí, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.