Ìdọ̀bálẹ̀ Mi ní Pápá Tẹ̀dé

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, tí àgbẹ̀ ti kó iṣu wọ abà tán, ni gbogbo ìlú Òkè-Ògùn máa ń rántí pé ilé ìwé àwọn ń jò, pé ilé ìgbẹ̀bí àwọn kò ní bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á ránṣẹ́ sí bárékè wa ní Ṣakí pé kí báǹdì sójà wá ṣeré, kí èrò lè pé jọ, kí àwọn tí Ọlọ́run ṣe fún lè dáwó. Bí a bá ti Komu dé, a ò ní tíì gbọn eruku bàtà tán tí wọ́n á tún ní ká wọ lọ́rì lọ sí Ilua. Sójà ló ń ṣèjọba nígbà yẹn, kákí wa sì ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù. Wọn ì bá má bẹ̀rù tèmi ká ní wọ́n mọ̀ pé n kò yìnbọn pa ẹyẹ rí.

Èmi ni mo ń lu ìlù ńlá. Nítorí ìbọn ni mo ṣe wọṣẹ́ ológun, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń yan èèyàn wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ibẹ̀ kò sì jìnnà rárá, ló bá ní kí n lọ bá àwọn onífèrè. Wọ́n gbé ìlù kan tó fẹ̀ jù mí lọ kọ́ mi láyà. Ẹni tó bá wà níwájú mi kò lè rí ju fìlà mi àti ẹsẹ̀ mi lọ. Gbogbo ìlú tí a bá dé ni àwọn ọmọdé ti ń pariwo pé, “Ẹ wá wo ìlù tó ń rìn!” Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, àmọ́ ó máa ń dùn mí. Ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú ni pé ìró ìlù mi ni gbogbo báǹdì fi ń gbẹ́sẹ̀. Bí èmi bá ṣìlù, gbogbo wọn ló ṣìrìn.

Lẹ́ẹ̀rùn tí mo ń sọ yìí, ọmọbìnrin Tẹ̀dé kan tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ṣakí ti gbà láti fẹ́ mi. Bàbá rẹ̀ ni kò gbà. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá náà, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré. Ó ní òun kò fọmọ fún sójà, nítorí sójà kì í kí àgbà. Ọ̀kan ti kọjá lára òun lọ́jà rí, ó sì wo òun bí ẹni ń wo òpó. Gbogbo ìgbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé, wọ́n á ní ó wà lóko. Mo fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ débi pé oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí Tẹ̀dé fi pè wá, nítorí òrùlé ilé ìgbẹ̀bí wọn. Ọmọbìnrin náà kìlọ̀ fún mi pé, “Bàbá mi á jókòó síwájú o. Jọ̀ọ́, hùwà ọmọlúàbí.” Ì bá má kìlọ̀. Sájẹ́ńtì wa náà ti ní tirẹ̀ láti sọ: lẹ́nu pàréèdì, bí ìyá tó bí ọ bá dúró sójú ọ̀nà, iwájú ni kí o máa wò.

A yan wọ pápá ilé ìwé náà lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí a dé iwájú àwọn àgbà, mo yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù, ojú èmi àti bàbá náà, tí ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, sì ṣe mẹ́rin. Bí mo bá kọjá báyìí, ó di sójà kejì tó wò ó bí òpó nìyẹn, mo sì ti pàdánù ìyàwó. Ara mi ti ń dọ̀bálẹ̀ kí ọgbọ́n orí mi tó dé.

“Ẹ káàsán o, Bàbá!” ni mo wí, etí ìlù sì kanlẹ̀. Ìlù yí, mo bá a yí, ẹsẹ̀ mi méjèèjì dòkè. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi kọsẹ̀ lára mi, báǹdì kò gbọ́ ìlù mọ́, olúkúlùkù ń gbé ẹsẹ̀ tó wù ú. Àwọn èrò rò pé ara eré ni, wọ́n pàtẹ́wọ́. Abẹ́ ìlù ni mo wà tí mo ti gbọ́ ohùn bàbá náà: “Ta ní í dọ̀bálẹ̀ tẹrù-tẹrù? Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣebí àwa là á kí i? Wọn ò kọ́ ọ nílé ni?”

Òótọ́ ló sọ. Láti kékeré ni mo ti ń ru iṣu ti oko bọ̀, tí àwọn àgbà á ní, “Má wulẹ̀ dọ̀bálẹ̀, o kú ẹrù.” Ẹ̀kọ́ ilé tí mo fẹ́ fi hàn án ni mo tẹ̀ mọ́lẹ̀ níṣojú rẹ̀.

Lẹ́yìn eré, wọ́n gbé ìrẹsì fún báǹdì lábẹ́ igi. Sájẹ́ńtì ní kí èmi gbé ìlù mi lé orí, kí n dúró sínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì. Ọmọbìnrin náà wá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá, omi lé sí i lójú. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Àwọn àgbà ìlú ń bọ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, bàbá rẹ̀ sì wà láàárín wọn. Ó dúró, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló ṣí fìlà, ó yíjú sí sájẹ́ńtì, ọmọ Òkè Ọya tó ti pẹ́ ní Ṣakí débi pé ó gbọ́ Yorùbá.

“Ọ̀gá sójà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi foríjì í. Ọmọ mi ni.”

“Ọmọ yín ni, Bàbá?”

“Ọmọ mi ni.”

Mo mọ̀ pé bí àgbà ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn. Ó lè sọ bẹ́ẹ̀ nítorí ẹni tí kò mọ̀ rí. Ọmọbìnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ti kúnlẹ̀ gbì sórí iyanrìn.

“Ẹ ṣé, Bàbá. Gbogbo àgbà ìlú ló gbọ́ o. A dúpẹ́.”

Àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà wo ọmọ rẹ̀, ó wo èmi, ó rọra dá fìlà padà sórí.

“Ẹ ní kó gbé ìlù yẹn kalẹ̀,” ó wí fún sájẹ́ńtì, “kí àna mi wá jẹun.”